Ìrìnnà àti Èéfín ní Ìlú Èkó

Bí ènìyàn bá dúró lórí afárá Carter ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọ̀yẹ́, tí ó kọjú sí Ìdúmọ̀tà, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí kì í ṣe ilé, bí kò ṣe ohun kan tí ó dà bí aṣọ eérú tí a ta bo ilé. Ọ̀yẹ́ ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀yẹ́ kì í rùn bí epo. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 fojú bù ú pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ búburú pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní Èkó, àti pé àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ ojú títì wà lára àwọn tí ìwádìí náà kọ́kọ́ dárúkọ pé wọ́n ń tú èéfín ọ̀hún, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bí ìlú tí omi yí ká, tí ọkọ̀ ojú omi sì jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìwáṣẹ̀, ṣe di ìlú tí kò lè mira láìsí epo. Àwọn tí ń gba ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́, kí èrò púpọ̀ sì máa wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo, a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àṣà àjèjì ni wọ́n gbé dé. Èrò tiwa ni pé Èkó ti ní gbogbo rẹ̀ rí, ó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Kí a tó parí afárá Carter ní ọdún 1901, omi ni ọ̀nà. Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú a kó ẹrù wọn gba Ejìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, wọn a fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ wọn wọ erékùṣù Èkó. Ní ọdún 1901 kan náà ni ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1896 dé Ìbàdàn. Nígbà tí ó di 1902, ìjọba òyìnbó fi ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, èyí tí wọ́n ń pè ní tíráàmù, so Ìddó mọ́ erékùṣù náà, ó ń gba orí afárá kọjá. A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ nípa tíráàmù yìí. Iná ni ó ń jẹ, èéfín sì ń jáde lórí rẹ̀. Àní nígbà tí ó yá, ìgbẹ́ tí àwọn agbépòó kó jọ wà lára ẹrù tí a ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé lọ dà sínú ọ̀sà, kò sì sí ẹni tí yóò pe ìyẹn ní afẹ́fẹ́ títutù! Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni ó ń fa ọ̀pọ̀ èrò. Ní ọdún 1933 ni wọ́n pa á tì pátápátá. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù ti gba ojú títì.

Bọ́ọ̀sì ni ó tẹ̀lé e. Ilé-iṣẹ́ J. N. Zarpas ni ó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò láti ọdún 1929, títí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó fi ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1958. Ní àkókò kan náà ni kẹ̀kẹ́ ológeere gbayì. Akọ̀wé gùn ún, olùkọ́ gùn ún, káfíńtà gùn ún. Àgbẹ̀ tí kòkó bá ṣe dáadáa fún a sì rà á kí ó tó ronú àtikan páànù sí ilé rẹ̀. Kò jẹ epo, kò rú èéfín, kò sì sí ẹni tí ó fi gígùn ún pe ara rẹ̀ ní tálákà. Ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di àmì ọlá ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú òṣì wo ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́.

Owó epo rọ̀bì ni ó yí ojú ọ̀ràn padà. Nígbà tí ìjọba san owó Údòjì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré lọ ra ọkọ̀ àti alùpùpù. Gó-sìló di orúkọ tí ọmọdé mọ̀. Ìjọba ológun wá ṣe òfin kan ní ìparí àwọn ọdún 1970 náà: ọjọ́ tí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba bá jáde, èyí tí tirẹ̀ kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sílé. Òfin náà dára létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lówó lọ ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, ó sì ń jáde lójoojúmọ́. Bí ìlú tí ó fẹ́ dín ọkọ̀ kù ṣe sọ olówó di ọlọ́kọ̀ méjì nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi léèrè nínú ìdánwò pé kí ni ó fa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Èkó a máa tètè dáhùn pé èrò ni ó pọ̀. Ìdáhùn yìí kò tó. Èrò pọ̀ ní Tokyo pẹ̀lú, ọkọ̀ ojú irin oníná ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Lateef Jákàńdè, tí ó di gómìnà ní ọdún 1979, mọ èyí. Ó dá ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ fún èrò, ó sọ méjì nínú wọn ní Baba Kékeré àti Ìtàfàájì. Ní oṣù keje ọdún 1983, a sì fi ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ìgboro lélẹ̀. Kí ọdún náà tó tán, àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1985, wọ́n fagi lé iṣẹ́ náà, owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là sì wọgbó. A ti gbọ́ àwíjàre pé owó kò sí. Owó tí a fi san ìtanràn fún iṣẹ́ tí a kò ṣe, níbo ni ìyẹn ti wá?

Ohun tí ó rọ́pò ọkọ̀ ojú irin yìí ni àwọn ọkọ̀ tí ará ìlú fi orúkọ wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà ti wà tẹ́lẹ̀, ìjà sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Mólùè àti dáńfó pọ̀ sí i. Lẹ́yìn tí ètò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 gbé owó ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fi sọ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò gbó níbẹ̀: Tòkunbọ̀. Alùpùpù pẹ̀lú gba orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, Ọ̀kadà. Púpọ̀ nínú alùpùpù àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni a ń po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróòlù wọn. Díẹ̀ nínú epo náà kì í jóná tán kí ó tó jáde, òun ni èéfín búlúù tí ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ẹni tí ó ń gbé Ìkòròdú tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Marina kò yan èéfín yìí o. Ohun tí ó bá kọ́kọ́ dé ibùdókọ̀ ni ó wọ̀.

Nítorí náà ni a kò fi fara mọ́ àwọn tí ń di gbogbo ẹ̀bi ru ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn òjé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ń fi òjé sínú bẹntiróòlù, a sì mọ̀ pé ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kò sí awakọ̀ kankan tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà fohùn ṣọ̀kan ní Dakar pé kí a yọ ọ́, nígbà tí yóò sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2006, ó ti kúrò nínú epo tí a ń tà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ti imí-ọjọ́ kò yá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ní Àbújá, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire pinnu láti dẹ́kun kíkó epo tí imí-ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá lórí Nàìjíríà láìjẹ́ pé epo ibẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2008, Èkó ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá láti Máìlì 12 dé CMS, nǹkan bí kìlómítà 22. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní ọkọ̀ nílé bẹ̀rẹ̀ sí í tò lórí ìlà láti wọ̀ ọ́. Jákàńdè kú ní oṣù kejì ọdún 2021. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ogójì ọdún lẹ́yìn ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ ojú irin oníná bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Máìlì 2, kìlómítà 13. Èkejì rẹ̀, tí ó ń ti Agbádó wá sí Oyíngbò, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2024. Dísù ni ìyẹn ń jẹ.