Owó Tó Kú Sínú Àpótí



Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ló wà nísàlẹ̀ àpótí yín? Ìgbà wo lẹ kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ jáde kẹ́yìn? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbá ilé láràárọ̀, ṣùgbọ́n a kì í tú àpótí. Bẹ́ẹ̀, ohun tí a kó pamọ́ tí a kò yẹ̀ wò lè kú síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn owó, ẹ ó rí i.

Nígbà àwọn baba ńlá wa, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Wọ́n á sín 40 sí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ 2.000, òun ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ 20.000, òun ni ọ̀kẹ́ kan. Kòkòrò kì í jẹ owó ẹyọ, nítorí náà wọ́n ń kó o sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìgbà kì í lọ bí òréré. Béhánzìn, ọba Dàhòmì, túúbá fún àwọn Faransé ní 1894. Ilẹ̀ wa bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní fráǹkì ni kí a fi san owó orí. Ọkọ̀ ojú irin dé Ṣábẹ̀ẹ́, ọjà àti fráǹkì sì ń pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀, fráǹkì lé owó ẹyọ kúrò lọ́jà. Èyí tó wà nínú ìkòkò di ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun ìbọ.

Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, àwọn oníṣòwò wa sì ń tọ́jú náírà. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba Nàìjíríà pa àwọ̀ náírà dà, ó sì ti ẹnubodè. Ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Náírà tó wà nílé níhìn-ín, báwo ni yóò ṣe kọjá?

Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1994, owó CFA tiwa náà já wálẹ̀. Tẹ́lẹ̀, 50 CFA ni fráǹkì Faransé kan. Láti ìgbà náà, ó di 100. Owó inú àpótí kò dín ní kíkà, ṣùgbọ́n ọjà òkè òkun gbówó lórí.

Lẹ́yìn náà, báǹkì BCEAO kó owó tákàdá àtijọ́ kúrò nílẹ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2004 ni wọ́n fi gbà á padà. Tákàdá 2.500 wà lára wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè ná an mọ́.

Ìyá bàbá mi kú ní 2006. Nígbà tí a ń kó iyàrá wọn, a rí agolo mílíìkì kan lábẹ́ àwọn aṣọ àtijọ́. 65.000 fráǹkì ló wà nínú rẹ̀, owó àkàrà tí wọ́n tọ́jú de ìsìnkú ara wọn. Owó àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, àwa tó mọ̀wé kò sì bi wọ́n léèrè. Gbèsè la jẹ ká tó sin wọ́n.

Ẹ̀yin ti mọ̀wé báyìí. Nítorí náà, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí:

1. Ẹ kó gbogbo ẹrù inú àpótí jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Èyí tí ẹ kò lò mọ́, ẹ fún ẹni tí yóò lò ó.

2. Ẹ kó ìwé ìbí, káàtì àti ìwé ilẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, níbi tí omi àti ikán kò lè dé. Ẹ ka ọjọ́ tó wà lára wọn.

3. Ẹ ka owó yín, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tí ẹ fọkàn tán mọ ibi tó wà.

Bí àgbàlagbà tí kò mọ̀wé bá wà nílé yín, ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ òní. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ pé: «Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ tú àpótí yín wò.»