Iná Ọdún Nílẹ̀ Àjò

Bí oṣù Disẹ́ńbà bá ti wọlé, a ó máa rí gílóòbù wẹ́wẹ́ tí ń ṣẹ́jú lára ṣọ́ọ̀bù, ilé ìjọsìn àti lójú títì. Inú àwọn kan a dùn. Àwọn mìíràn a fajú ro nítorí ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Kí ló dé tí iná kan náà fi ń ṣe èèyàn méjì lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ìtàn lè là wá lọ́yẹ̀.

Iná ọdún kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní Òṣogbo, nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, a máa ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún láàfin. Àtùpà náà a máa jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, Àtáọ́ja a sì jó yí i ká. Ta ni yóò fẹ́ sùn lóru ọjọ́ náà?

Ní Fírítáùn, ní Sierra Leone, ni àwọn Okù wà, àwọn tí púpọ̀ nínú baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ní ìlú yìí, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ọparun àti bébà ṣe àtùpà ńláńlá, wọn a tan iná sínú rẹ̀. Òpin ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni wọ́n ń gbé e káàkiri lóru. Nígbà tó yá, ó di ti àjọ̀dún òmìnira pẹ̀lú. Ti gílóòbù iná mànàmáná, New York ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1882, Edward Johnson, tó ń bá Thomas Edison ṣiṣẹ́, so gílóòbù 80 mọ́ igi Kérésìmesì nílé rẹ̀.

Ní 1984, Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn tí ọkàn wọn ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà òtútù tí ọ̀sán kúrú, tí ìmọ́lẹ̀ líle sì ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gílóòbù ọdún kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sán tiwa kì í sì í kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ìrántí ni iná ọdún fi ń mú wa. Ojú rí iná, ọkàn rántí ẹni tí a jọ jókòó tì í.

Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ gbàgbé 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù Nófẹ́ńbà ọdún náà, ìjọba Dókítà K. A. Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó lọ. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Èjìgbò pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a sì ti bí ẹlòmíràn. Ààwẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìtúnu ààwẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, Kérésìmesì sì ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń retí ọdún ló wá ń di ẹrù. Kí ó má yà wá lẹ́nu bí àgbà kan nínú wa bá dákẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ ń so gílóòbù.

Nítorí náà, bí a bá so iná mọ́ ojúlé wa lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tó ṣókùnkùn ládùúgbò: ilé opó, ilé aláìsàn, ilé ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ padà sílé. Ká gbé oúnjẹ dání, ká kàn sí wọn, ká sì jẹ́ kí àgbà sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tó rẹ́ni bá jókòó ni iná ọdún ń dùn mọ́.

Ọdún á yabo o. Iná ayọ̀ wa kò ní kú.