Ìkójọpọ̀ Àkọsílẹ̀ Ẹ̀rọ: Láti Berkeley dé Ìdìbò Ọdún 2023

Nígbà tí sáfà kan ṣoṣo bá ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ ń wà. Ṣùgbọ́n bí èrò bá pọ̀, ẹ̀rọ apínṣẹ́ a máa pín ìbéèrè wọn fún ọ̀pọ̀ sáfà, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì máa kọ kìkì ohun tó kàn án. Kò sí èyí tó mọ ìtàn náà délẹ̀ nínú wọn, àfi bí a bá kó àkọsílẹ̀ wọn jọ sí ojú kan.

Eric Allman ní Yunifásítì California, Berkeley, ló ṣe syslog ní àwọn ọdún 1980, gẹ́gẹ́ bí apá kan iṣẹ́ rẹ̀ lórí Sendmail tó ń fi lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Nípasẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kan lè fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣọwọ́ sí òmíràn. Ìlànà RFC 3164 ti ọdún 2001 kò béèrè ju oṣù, ọjọ́ àti aago lọ; kò sí ọdún níbẹ̀, kò sì sọ aago ìlú wo ni. Àléébù ńlá ni èyí, nítorí pé láìsí aago kan náà, ta ni yóò mọ èyí tó ṣáájú? RFC 5424 ló tún un ṣe ní ọdún 2009.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, ọ̀rọ̀ yìí kan Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ bó ti kan àwọn ibùdó ìdìbò 176,846 tí INEC ní káàkiri Nàìjíríà. Àwòrán èsì ìdìbò àwọn aṣòfin ń wọ IReV láti inú ẹ̀rọ BVAS, ṣùgbọ́n ti ààrẹ kò wọlé títí di alẹ́. Ohun tó hàn sí òṣìṣẹ́ ìdìbò kò ju pé ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ibòmíràn ni ohun tó fà á wà.

Lọ́jọ́ kejì, INEC ní fífẹ̀ tí wọ́n fẹ IReV láti ìdìbò ìpínlẹ̀ dé ti gbogbo orílẹ̀-èdè ló fà á. Ní oṣù Kẹfà, ẹlẹ́rìí kan láti Amazon, tí INEC ń lo sáfà wọn, sọ ní ilé ẹjọ́ pé sáfà àwọn kò dákú lọ́jọ́ náà. Ilé ẹjọ́ kò gba ẹ̀rí rẹ̀ wọlé. Àmọ́ àkọsílẹ̀ ìlera sáfà yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lórí: ilé lè dúró digbí kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dàrú. Ìròyìn INEC ti oṣù Kejì, ọdún 2024, ṣàlàyé pé ètò náà kò rí ìpínlẹ̀ tí yóò so èsì ìdìbò ààrẹ mọ́, nítorí pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni àgbègbè ìdìbò ààrẹ. Nígbà náà, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti parí ẹjọ́ náà.