Òkè Ìdànrè

Ìdànrè jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó fi kìlómítà bí 20 ó lé díẹ̀ jìnnà sí Àkúrẹ́. Lónìí, àárín àwọn àpáta ńláńlá ni ìlú náà tẹ̀dó sí, ṣùgbọ́n orí àpáta wọ̀nyí gan-an ni àwọn baba wọn ń gbé títí di àwọn ọdún 1920. Ìlú àtijọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Òkè Ìdànrè, ló sọ ibẹ̀ di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń lọ. Òdòde, Aládé àti Àtòsin ni àwọn àwùjọ ilé tó wà nísàlẹ̀.

Akọ òkúta ni àwọn òkè náà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ kà wọ́n mọ́ àwọn òkúta tó ti wà láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Orósùn, tó ga jù láàárín wọn, ga tó nǹkan bí 900 mítà sí ojú òkun, wọ́n sì ń bọ ọ́ lọ́dọọdún ní oṣù Karùn-ún.

Ìtẹ̀dó àti adé

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ti wá. Orúkọ Olófin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, wọ́n á sì dárúkọ Agbóògùn, akíkanjú oníṣègùn, mọ́ ọn. Ipa ẹsẹ̀ kan wà lójú àpáta tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbóògùn. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, ti ọmọdé ni, ti àgbà ni, àfi ti àjẹ́.

Ọ̀rọ̀ adé gba ìṣọ́ra. Ìgbàgbọ́ Ìdànrè ni pé adé àtijọ́ tí Ọwá, ọba wọn, máa ń dé nígbà ọdún Iden ni adé Odùduwà fúnra rẹ̀, tí wọ́n gbé kúrò ní Ifẹ̀. Àmọ́ ìlú tó so adé tirẹ̀ mọ́ Odùduwà pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, Ifẹ̀ náà sì ka ara rẹ̀ sí orísun gbogbo wọn. Pé adé àtijọ́ kan wà ní Ìdànrè, tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún gidigidi, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Bóyá orí Odùduwà ló ti kọ́kọ́ wà, ìtàn ẹnu nìkan ló lè jẹ́rìí sí i, kò sì ní tọ́ kí òǹkọ̀wé kan dá ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbé ayé lókè

Lásìkò ogun, òkè ni odi. Ohun tí Olúmọ ṣe fún àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta ni àpáta wọ̀nyí ṣe fún Ìdànrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Ìdànrè ju ibi ìsásí lọ: odindi ìlú ni, pẹ̀lú ààfin, ojúbọ, ibojì àwọn ọba àti odò Arun tí wọ́n gbà pé omi rẹ̀ ń wo àìsàn. Ilé-ẹ̀kọ́ dé ibẹ̀ ní 1896. Agogo tí wọ́n ń lù láti pe àwọn ọmọ ní ilé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ ìgbà ìjọba amúnisìn ṣì wà lókè, tòun ti ibi tí wọ́n ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́.

Ààfin àtijọ́ ló yẹ kí àlejò fara balẹ̀ wò jù. Ògiri amọ̀ ló yí àgbàlá rẹ̀ ká, òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára ló sì gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró. Òjò ni ọ̀tá ògiri amọ̀. Bí páànù bá ti ṣí díẹ̀, omi á máa fọ amọ̀ náà lọ, ikán á sì dé ìdí òpó. Títún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe kì í ṣe iṣẹ́ sìmẹ́ńtì rárá. Amọ̀ ni ká fi tún amọ̀ ṣe.

Sísọ̀kalẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀

Ogun ti tán, ọ̀nà ọkọ̀ ti là, oko kòkó sì ń gbòòrò nísàlẹ̀: wọ́n kó sọ̀kalẹ̀. Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìpínlẹ̀ tó ń ṣáájú nínú kòkó ní Nàìjíríà.  Ọba Frederick Adegunle Aroloye, Arubiefin Kẹrin, gun orí ìtẹ́ ní 1976, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀.

Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni àlejò ń gùn dé ìlú àtijọ́, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. UNESCO fi Òkè Ìdànrè sínú àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà dábàá fún ogún àgbáyé ní 2007. Ìjọba Olúṣẹ́gun Mimiko, gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà kan, dá ọdún gígun òkè sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀dá orí àpáta

Òfàfà ń ké lóru láàárín àwọn àpáta náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan, Sclerophrys perreti, ló ṣọ̀wọ́n jù: Ìdànrè nìkan ni wọ́n ti rí i rí ní gbogbo ayé. Arne Schiøtz ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ìmọ̀ ní 1963. Nígbà tó yá, ó ju 40 ọdún lọ tí kò sí ẹni tó kéde pé òun rí i, kí àwọn onímọ̀ tó tún bá a pàdé ní 2013. Kò nílò adágún láti bímọ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ omi tó ń rọra ṣàn lójú àpáta ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi yọ ẹsẹ̀, nítorí náà igbó tó ń tọ́jú omi náà lókè ni ẹ̀mí wọn.