Djenné: Ẹ̀kọ́ fún Arìnrìn-àjò Tó Ń Lọ sí Ìlú Tó Di Àṣà Rẹ̀ Mú

Djenné jẹ́ ìlú àtijọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Mali, nítòsí odò Bani. Ìlú onímọ̀ àti oníṣòwò ni, mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mọ́sáláṣí ńlá rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká, nítorí òun ni ilé alámọ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Ìtàn sọ pé Koi Konboro, ọba ìlú náà tó gba ẹ̀sìn Islam, ló kọ́kọ́ kọ́ mọ́sáláṣí síbẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1907 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní 1988, àjọ UNESCO ka ìlú náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ìdí tí ilẹ̀kùn fi tì

Ní 1996, ìwé ìròyìn Vogue, tó ń gbé àṣà aṣọ jáde, ya fótò àwọn obìnrin tí aṣọ wọn kò bo ara nínú mọ́sáláṣí náà. Ó bí àwọn ará ìlú nínú gan-an. Látìgbà náà, ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí kì í wọlé mọ́. Ìwà àlejò díẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ohun tó yẹ kí àlejò ṣe

1. Ẹ gbàṣẹ. Nínú Suratu Nur, áyà 27 àti 28, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti wọ ilé onílé láìgbàṣẹ àti láìsálámà. Bí wọ́n bá sì ní ká padà, ká padà. Ẹni tó bá fi èyí wọ ìlú onílùú kò ní ṣìṣe.

2. Ẹ wá amọ̀nà láàárín ọmọ ìlú. Àwọn àgbà ní àjòjì lójú, kò fi ríran. Amọ̀nà mọ ibi tí a ń bọ́ bàtà àti ẹni tí a ń kọ́kọ́ kí.

3. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fótò. Ọjọ́ Àtìní ni wọ́n ń ná ọjà ńlá níwájú mọ́sáláṣí. Ọjà ni ìyá tó pàtẹ wá tà, kò wá fún àwòrán.

4. Ẹ má sọ ìjọsìn di ìran wíwò. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, ará ìlú ń fi amọ̀ tuntun rẹ́ mọ́sáláṣí náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gbé amọ̀, àwọn obìnrin ń pọn omi, àwọn ọ̀mọ̀lé ń darí iṣẹ́. Igi tó yọ síta lára ògiri ni wọ́n ń dúró lé. Ọ̀wẹ̀ Ọlọ́hun ni. Bí wọn ò bá pè yín sí i, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

5. Ẹ má ra ohun tí wọ́n wú nínú ilẹ̀. Ní Djenné-Djenno, ìlú àtijọ́ tí kò jìnnà síbẹ̀, àwọn olè ń wú ère alámọ̀ tà. Ní 1993, Amẹ́ríkà fòfin de kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé. Ẹni tó rà ló ń mú kí wọ́n máa wú u. Ẹ ra iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alààyè, bí aṣọ bogolan tí wọ́n fi amọ̀ ya.

Mùsùlùmí náà àlejò ni

Pé ilẹ̀kùn ṣí fún wa kò sọ wá di onílé. Ẹni tó ń fi fóònù ya ara rẹ̀ níwájú sàfú tí àwọn èèyàn ń kírun lè mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kan náà mọ́ mùsùlùmí bíi tirẹ̀.

Ìkìlọ̀

Láti 2016 ni UNESCO ti ka Djenné mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu, nítorí àìsí ààbò lágbègbè náà. Kí ẹnikẹ́ni má lọ láì kọ́kọ́ wádìí bí ọ̀nà ṣe rí.