ÌWÉ TÍ ẸNU YÌN: BÍ ÌWÉ ÌTÀN ÀRÒSỌ YORÙBÁ ṢE DÉ ETÍ ÀTI ỌWỌ́ ÀWỌN ÈNÌYÀN, 1929–1997

1. Ìfáàrà

Àwọn onímọ̀ tí ó ti kọ̀wé lórí ìtàn lítíréṣọ̀ Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nípa àwọn òǹkọ̀wé, ọdún tí ìwé wọn jáde, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ wọ́n. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí àkíyèsí ni ọ̀nà tí ìwé ń gbà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá ka ìwé tí ó dùn mọ́ ọn, kí ni ó ń ṣe kí ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò rẹ̀ lè jẹ nínú adùn náà?

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé, láàárín àwọn Yorùbá, yíyin ìwé àti gbígbé ìwé sí etí ẹlòmíràn kì í sábà yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá ń júwe ìwé a máa kà nínú rẹ̀, a máa sọ nínú rẹ̀, nígbà mìíràn a sì máa fi orin tàbí eré gbé e jáde. Etí ni ọ̀pọ̀ ìwé kọ́kọ́ bá wọlé. Síbẹ̀, ìyìn ẹnu nìkan kò tó láti dá ẹ̀mí ìwé sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí yóò ti fi hàn.

2. Ìpìlẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ó sọ ọ́ gbangba pé ohun tí òun ń fẹ́ ni pé kí ìwé kíkà di bárakú fún àwọn ènìyàn. Ìwé ìròyìn náà kógbá sílé ní 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n àṣà ìwé kíkà kò bá wọn lọ. Ní 1884, odidi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá, lábẹ́ àkóso Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Nínú ìjọ àti nínú ilé, ẹni kan a máa kà, àwọn yòókù a máa gbọ́. Nítorí náà, kí ìtàn àròsọ tó dé, àwọn Yorùbá ti mọ ìwé mọ́ ohùn ẹni tí ń kà á.

3. Ṣẹ̀gilọlá àti àwọn tí ó kọ̀wé sí olóòtú

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ni ti Akéde Èkó, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ ní 1928. Láti 1929 wọ 1930 ni lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá ń jáde nínú rẹ̀. Obìnrin náà ti darúgbó, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀. Ó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀ lórí bí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ bá ọkùnrin lọ́kan-ò-jọ̀kan ṣeré. Orúkọ àdúgbò Èkó àti orin tí àwọn ará Èkó mọ̀ dáadáa wà káàkiri inú lẹ́tà wọ̀nyí. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ wọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn òǹkàwé kò jókòó wò. Wọ́n kọ̀wé sí olóòtú láti sọ bí ìtàn náà ti gún wọn lọ́kàn tó. Àwọn kan bá Ṣẹ̀gilọlá kẹ́dùn, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi owó ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Olóòtú sì ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jáde. Ohun tí ó yẹ kí á fi ọkàn sí níhìn-ín ni pé lẹ́tà òǹkàwé kan di ohun tí òǹkàwé mìíràn ń kà. Ẹni tí kò tíì mọ Ṣẹ̀gilọlá yóò rí i pé àgbàlagbà ọmọlúàbí kan ti fi orúkọ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ìtàn náà tó kà. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àwọn oníbàárà Thomas fúnra wọn ni wọ́n ń bá a polówó. Kí ọdún 1930 tó parí, àwọn lẹ́tà náà ti di odidi ìwé.

Pẹ̀lú gbogbo òkìkí yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kàwé lẹ́yìn ìgbà náà ni kò mọ Ṣẹ̀gilọlá. Ìwé Fágúnwà tí ó jáde ní 1938 ni wọ́n mọ̀ sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ìjẹ́wọ́ ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ kì í ṣe ohun tí olùkọ́ yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ní 2012 ni Karin Barber tún ìwé náà gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìran tuntun fi rí i kà. Ẹnu yìn ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu wọ̀nyẹn dákẹ́, kò sí ẹni tí ó gbà á tọ́jú.

4. Fágúnwà: ẹnu àti ilé-ẹ̀kọ́

Ìwé Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, rí ẹnu, ó sì rí olùtọ́jú. Nínú ìtàn náà gan-an ni a ti rí àwòrán bí ìwé ti ń tàn ká. Bàbá arúgbó kan wá bá ẹni tí ń kọ ìwé, ó ní kí ó mú gègé àti ìwé kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn méjèèjì ni ó wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, èrò ń pọ̀ sí i, nítorí pé àwọn tí ó gbọ́ ń sọ fún àwọn tí kò gbọ́. Fágúnwà mọ̀ pé ìtàn tí ó dára ń pe èrò fúnra rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó tọ́jú ìwé náà. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ tí ó mọ̀wé sì pọ̀ nínú ilé tí bàbá àti ìyá kò ti mọ̀wé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè kà fún gbogbo agboolé. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968; Ayọ̀ Bámgbóṣé sì kọ odidi ìwé lórí àwọn ìtàn Fágúnwà ní 1974. Ìtumọ̀ àti lámèyítọ́ náà jẹ́ ìyìn, nítorí kò sí ẹni tí ń fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ lórí ohun tí kò dùn mọ́ ọn.

5. Ìyìn láti òkèèrè

Ti Amos Tutùọlá yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ The Palm-Wine Drinkard, tí a tẹ̀ ní London ní 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín gidigidi nínú ìwé ìròyìn The Observer. Ṣùgbọ́n nílé, ojú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nítorí irú Gẹ̀ẹ́sì tí ó lò. Ìyìn àlejò kò tu wọ́n lára. Ó tilẹ̀ dá ìfura sílẹ̀. Ní 1963 ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré Yorùbá, pẹ̀lú orin àti ìlù. Àwọn tí kò lè ka ìwé náà wá rí ọ̀mù náà lójú agbo, wọ́n sì gbà á ní tiwọn. Ohun tí ìyìn inú ìwé ìròyìn kò lè ṣe nílé, ohùn ṣe é.

6. Rédíò, àwo àti sinimá

Láti 1935 ni ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ti wà ní Èkó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò gbilẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn akéwì bíi Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Láńrewájú Adépọ̀jù di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ ohùn wọn. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì ṣe àwo. A lè pe àwo ewì ní ìwé tí a ń fi etí kà: ẹni tí ó rà á kì í dá a gbọ́, aládùúgbò ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ọ̀rẹ́ a sì yá a lọ. Kò sí àríyànjiyàn pé ẹni tí ó gbé àwo sórí ẹ̀rọ fún àlejò ti júwe rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá parí ẹ̀rí yìí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde ní ìwé ní 1970. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnsọlá sì gbé e dé iwájú ọ̀pọ̀ èrò ní Ìbàdàn ní 1981. Ó Le Kú jáde ní 1974, Túndé Kèlání sì fi ṣe fíìmù ní 1997. Fíìmù náà gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí rán ìró àti bùbá kúkúrú, tí wọ́n ń pè ní oleku. Orúkọ ìwé di orúkọ aṣọ.

7. Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni ó hàn. Èkíní, iye ẹ̀dà tí a tà kò lè sọ iye ènìyàn tí ó gbádùn ìwé Yorùbá, nítorí pé olùgbọ́ pọ̀ ju olùrà lọ. Èkejì, ìyìn ẹni tí a mọ̀, lédè tí a gbọ́, ní ń ṣiṣẹ́ ju ìyìn àlejò lọ. Ẹ̀kẹta ni pé ẹnu ní ń jí ìwé dìde, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́, atẹ̀wé àti ilé-ìkówèésí ní ń pa á mọ́ di ọjọ́ iwájú. Ìwé tí ó rí ẹnu láìrí olùtọ́jú yóò sùn bí Ṣẹ̀gilọlá ti sùn; èyí tí ó rí olùtọ́jú láìrí ẹnu yóò kàn máa gba eruku lórí pẹpẹ ni. Níbi tí kíláàsì kò bá ti ka ìwé Yorùbá sókè mọ́, tí ilé kò sì kà á, ẹsẹ̀ kan ni ìwé ibẹ̀ fi dúró. Ó tọ́ kí àwọn òpìtàn lítíréṣọ̀ máa wá lẹ́tà òǹkàwé, àwo àti ìwé eré kiri pẹ̀lú ìtara tí wọ́n fi ń wá ìwé fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó sọnù.