Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣẹ́tùúrá àti Ìtọ́jú Aboyún ní Ìkẹjà àti Agége



Nínú Odù Ọ̀ṣẹ́tùúrá, Ifá sọ bí irúnmọlẹ̀ ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ti wá tún ayé ṣe, tí wọn kò ka Ọ̀ṣun sí, obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà láàrin wọn. Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún. Wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, Ó sì bi wọ́n léèrè Ọ̀ṣun. Inú oyún ni Ọ̀ṣun wà nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Ọmọ inú náà ni Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Ètò tí a kò fi ti obìnrin ṣe kì í yọrí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo Ìkẹjà àti Agége. Oko kòkó àti obì ni a fi mọ Agége ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé ìwòsàn kékeré sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Kò pẹ́ tí ó tún ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, èrò sì ń wọ́ wá. Ilé ìwòsàn yẹn ni ó di LASUTH ní 2001. Ọgbà rẹ̀ ni Ilé Àyìnkẹ́ wà, ilé ìgbẹ̀bí tí Mọbọ́lájí Bank-Anthony fi ta ìlú lọ́rẹ.

Kí ló wá ń mú kí aboyún tí ń gbé nítòsí má tètè fi orúkọ sílẹ̀? Obìnrin tí ń gba owó òòjọ́ ní ilé iṣẹ́ yóò pàdánù owó ọjọ́ tí ó bá fi tò sórí ìlà. Owó àyẹ̀wò wà ńlẹ̀. Nínú ilé mìíràn, ọkọ tàbí ìyá ọkọ ni ó ní àṣẹ. Ìyá agbẹ̀bí àdúgbò ní tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ń fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀.

A kò kẹ́gàn agbo àti àsèjẹ. Ṣùgbọ́n agbo kì í wọn ìfúnpá, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè wà lára aboyún láìfi ara hàn. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí olùtọ́jú ó kéré tán ní ìgbà 8, kí àkọ́kọ́ má kọjá ọ̀sẹ̀ 12.

Nítorí náà, ẹ̀yin Awo, bí aboyún bá wá dífá, ẹ bi í bóyá ó ti fi orúkọ sílẹ̀. Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a wí. Ẹ bi í ní ohun tí ó dí i lọ́wọ́, kí ẹ sì pe ọkọ rẹ̀ sí i. Ẹni tí a kò bi léèrè ni ètò ń fò dá.

Kí Ọ̀ṣun bá wa wo ìyá, kí ó bá wa wo ọmọ. Àṣẹ.